Sámúẹ́lì Wo? Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Orúkọ Kan Ṣoṣo Ṣe Ìdíje Ìbéèrè Tí Kò Ní Dìjà

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni, ní àgbàlá ilé wa ní Àgbádárìgì. Èmi ni mo di gbohùngbohùn mú. Mo bi wọ́n pé, "Ta ni Samuel Johnson, ìwé wo ló sì kọ?" Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì fò sókè: "Òyìnbó tó kọ ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni!" Mo ní ó gbà á. Kí n tó kọ máàkì sílẹ̀, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà dìde láti ẹgbẹ́ kejì: "Òyìnbó kẹ̀? Àlùfáà Ọ̀yọ́ tó kọ ìtàn Yorùbá ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì ló gbà á. Èmi tí mo béèrè ni mi ò gbà á. Àpò gààrì kan ló wà nílẹ̀ fún ẹ̀bùn, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tí a ó gbé e fún. Ariwo pọ̀ débi pé ìrẹsì tutù sínú abọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, kí ìbéèrè kan tó jáde lẹ́nu mi, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi pé: Sámúẹ́lì wo? Bí mo bá rí ìdáhùn méjì, mo máa ń dá a padà sínú ìwé. Bí mo ṣe ń ṣe é látìgbà náà nìyí. Bí ẹ bá fẹ́ lo orúkọ mìíràn, ẹ lò ó, ọ̀nà kan náà ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú orúkọ tó ti mọ àdúgbò yín

Orúkọ tó dára ni èyí tí àgbà, ọ̀dọ́ àti ọmọdé ti mọ ẹnì kan tó ń jẹ́ ẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní tiwa níbí, Sámúẹ́lì kò ní olórogún. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà ní Marina wa, wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, wọ́n parí rẹ̀ ní 1845, orúkọ Samuel Àjàyí Crowther kò sì lè yà kúrò lára rẹ̀. Bí ẹ bá kọjá Sẹ̀mẹ̀ díẹ̀, ẹ ti dé Àjàṣẹ́, ìlú tí wọ́n ti bí Samuel Bilehou Oschoffa ní 1909, káfíńtà tó dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní 1947. Ẹni tó bá ti rí àwọn aláṣọ funfun tí wọ́n ń rìn láìwọ bàtà lọ sí etí òkun mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ mọ Samuel Eto'o, agbábọ́ọ̀lù Cameroon. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ Sámúẹ́lì inú Bíbélì tó ń sùn lọ́dọ̀ Élì.

Kí ẹ tó fẹnu kò sórí orúkọ kan, ẹ gbìyànjú láti ka ọkùnrin méjìlá tó ń jẹ́ ẹ, kí ó má sì ju mẹ́ta lọ tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Mo ti gbìyànjú Sakaráyà rí. Nígbà tí mo fi máa dé orí ẹnì karùn-ún, mo ti ń ka lánlọ́ọ̀dù mi mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣòfin ẹni tó wọlé àti ẹni tí kò wọlé

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fo ìgbésẹ̀, ibẹ̀ náà ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ òfin náà sórí pátákó kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn kà á.

Òfin tèmi ni pé orúkọ àkọ́kọ́ nìkan la ń kà. Nítorí náà, Herbert Macaulay jáde. Ẹnì kan yóò pariwo, ó dájú, nítorí Samuel wà nínú orúkọ rẹ̀ lóòótọ́, ọmọ Abigail tí í ṣe ọmọ Crowther ni Macaulay sì jẹ́. Ṣùgbọ́n àárín orúkọ ni Samuel wà. Bí ẹ bá gba ti àárín wọlé, ilẹ̀ ò ní í pẹ́ ṣú yín síbẹ̀.

Òfin kejì jẹ mọ́ ìnagijẹ. "Sam" kò túmọ̀ sí Sámúẹ́lì ní gbogbo ìgbà. Sam Nujoma, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Namibia láti 1990, Samuel ni. Sam Walton tó dá ilé ìtajà Walmart sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1962, Samuel ni. Ṣùgbọ́n Siasia tiwa, tí wọ́n ń pè ní Sam ní pápá, Samson ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Fóònù Samsung kò sì bá ẹnikẹ́ni tan rárá: "ìràwọ̀ mẹ́ta" ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Korea. Ẹ fi orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ṣe ìbéèrè kan, kí ẹ ní kí wọ́n yọ àwọn tí kì í ṣe Sámúẹ́lì kúrò. Àwọn tí ọwọ́ wọn yá máa ń kó sínú rẹ̀, torí Siasia nìkan ni wọ́n máa ń yọ.

Òfin kẹta ni mo fẹ́ràn jù: ẹni tó gba orúkọ náà lẹ́yìn, àti ẹni tó bọ́ ọ sílẹ̀. Àjàyí ni wọ́n bí Crowther. Ìgbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní Freetown ní 1825 ló di Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn ni pé Samuel Crowther kan ti wà kí tiwa tó wà. Ẹ wá wo ọkùnrin Amẹ́ríkà kan, Samuel Clemens, tí wọ́n bí ní 1835. Samuel ni ti ilé, ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé, ó bọ́ ọ sílẹ̀, ó ń pe ara rẹ̀ ní Mark Twain. Igbe àwọn awakọ̀ ojú omi Mississippi ló ti mú orúkọ náà: bí wọ́n bá wọn ìsàlẹ̀ omi tí wọ́n bá a ní ẹsẹ̀ bàtà 12, "mark twain" ni wọ́n máa ń ké, èyíinì ni pé ọkọ̀ lè kọjá láìfarakan ilẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Marina lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fù, tó rí awakọ̀ tó ń ti ọ̀pá bọ omi, kò ní gbàgbé ìdáhùn yìí láé. Àwọn méjèèjì wọlé lójú tèmi. Bí ẹ bá fẹ́ lé Twain jáde, ẹ kọ ọ́ sínú òfin, kí ẹ má dúró dìgbà tí ẹnìkan bá dáhùn kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ojú ìwé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan

Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan. Ẹ fún Sámúẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé kan, kí ẹ kọ nǹkan mẹ́ta síbẹ̀: èyí tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tí ẹni tó kàwé mọ̀, àti èyí tí yóò mú kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ẹ̀kẹta yẹn ló ṣòro láti rí, òun náà ni wọ́n á sì rántí títí Ọdún Àjíǹde.

Bí ojú ìwé Crowther tèmi ṣe rí nìyí. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀: òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà, wọ́n yà á sí mímọ́ ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864. Èyí tí ẹni tó kàwé mọ̀: ní Òṣogùn ni wọ́n ti mú un lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ní 1845 ló gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ló ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó ń retí wọn, ti kú, ogun sì wà lójú ọ̀nà. Ó wà níbí fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1846 ló tó dé Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ló sì ti rí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta wá nìyí. Àfàlà ni ìyá náà ń jẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1848, orúkọ wo ni wọ́n fún un? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ronú. Hánà ni. Hánà ìyá Sámúẹ́lì. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ béèrè rẹ̀, màmá kan tó ń bó àgbọn lẹ́yìn, tí kò tilẹ̀ sí nínú ẹgbẹ́ kankan, ló dáhùn, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Mo fún un ní búrẹ́dì kan láìsí nínú òfin.

Bí ẹ bá ń gbé nítòsí, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ sí Marina, ẹ gun àtẹ̀gùn ilé náà, ẹ bi àwọn tó ń mú àlejò yíká ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ohun tí ẹ gbọ́ sínú ìwé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé inú ilé yẹn ni Crowther ti túmọ̀ Bíbélì Yorùbá tán pátápátá. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1850 ni ìwé Róòmù rẹ̀ jáde ní Yorùbá, odidi Bíbélì kò sì jáde títí di 1884. Pé ó ṣe iṣẹ́ Yorùbá níbí, ìyẹn yàtọ̀ sí pé ó parí rẹ̀ níbí.

Lórí yíyẹ ọ̀rọ̀ wò: ẹlẹ́rìí méjì ni mo máa ń wá fún ọdún àti iye. Íntánẹ́ẹ̀tì máa ń tan ènìyàn jẹ níbí, torí ojú ewé mẹ́wàá lè da ọ̀rọ̀ kan náà kọ lára ara wọn. Ẹni mẹ́wàá tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo, ẹlẹ́rìí kan ni gbogbo wọn.

Àwọn ojú ìwé yòókù kò gbà mí ní àkókò tó bẹ́ẹ̀. Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kẹtàlá, tí wọ́n pa ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 15 oṣù Kìíní 1966. Samuel Doe tó gba ìjọba Liberia ní 1980. Samuel Peter, akànṣẹ́ tiwa tó gba bẹ́líìtì WBC ní 2008. Samuel Beckett, ọmọ Ireland tó gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ ní 1969, tó sì ti gbá kíríkẹ́ẹ̀tì dáadáa nígbà èwe rẹ̀. Samuel L. Jackson, òṣèré Amẹ́ríkà; Leroy ni "L" yẹn dúró fún, ó sì wà lára àwọn tó ń júwe ìjókòó níbi ìsìnkú Martin Luther King ní 1968. Ti Jackson yìí máa ń ya àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu, torí wọn kò rò pé ó dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ ìbéèrè tó ní èkù

Ọ̀bẹ tí kò léèkù, ọwọ́ ẹni tó dì í mú ló ń gé. Ìbéèrè náà rí bẹ́ẹ̀. Èkù ìbéèrè ni ọdún, ibi, iṣẹ́ tàbí ìbátan tó ya ọkùnrin kan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí wọ́n jọ ń jórúkọ.

Ẹ wo èyí: "Sámúẹ́lì wo ló kọ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀?" Ó dà bí ẹni pé ó dára. Ṣùgbọ́n Samuel Johnson òyìnbó gbé ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1755, Crowther náà sì gbé ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Mo rò pé màá fi ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. London ni méjèèjì! Ọdún tàbí èdè nìkan ló lè yà wọ́n. Bí mo ṣe tún un kọ nìyí: "Ní 1843, Sámúẹ́lì kan gbé ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní London. Ta ni?"

Ti àwọn Johnson méjèèjì, ìbátan ni mo fi ṣe èkù. Johnson tiwa, wọ́n bí i ní Hastings ní Sàró ní 1846, ó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́, ó kú ní 1901. Ó ti parí ìwé ìtàn Yorùbá kó tó kú, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́, ìwé náà sì sọnù. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, tó jẹ́ dókítà ìṣègùn, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ, tó tún un kọ, tó fi wá jáde ní 1921. Nítorí náà: "Samuel Johnson wo ni àbúrò rẹ̀ tún ìwé rẹ̀ kọ lẹ́yìn tó sọnù?" Kò sí òyìnbó tó lè kó sí i lórí mọ́.

Ẹ ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kan tí kò ní sí níbi ìdíje. Bí ó bá bi yín pé "Èwo nínú wọn?", ẹ padà lọ kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ dà wọ́n pọ̀

Ẹ má béèrè gbogbo ti Crowther tán kí ẹ tó bọ́ sórí ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìbéèrè kejì, kò sẹ́ni tó ń ronú mọ́, wọ́n kàn ń pe orúkọ rẹ̀ ni. Ẹ fi bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì, kí ẹ fi òṣèlú tẹ̀lé e.

Ìbéèrè tó so ọkùnrin méjì pọ̀ ló ń dùn jù. Èyí tó dára jù lọ́wọ́ mi nìyí: "Pápá ìṣeré wo ní Èkó ni Samuel kan ti ṣubú, tó sì kú lẹ́nu bọ́ọ̀lù ní 1989, tí Samuel mìíràn sì ti gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n wa ní 2000?" Pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Sùúrùlérè ni. Samuel Okwaraji, agbẹjọ́rò tó tún ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, ló ṣubú níbẹ̀ lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹjọ 1989, nígbà tí a ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù àtilọ sí ìdíje àgbáyé. Ọmọ ọdún 25 ni. Ẹnì kejì ni Eto'o, ọmọ ọdún 18 nígbà náà, ní àṣekágbá ife Áfíríkà ní oṣù Kejì 2000. Ó parí sí 2-2, Cameroon sì fi pẹ́nárítì gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹ má béèrè èyí kí wọ́n tó jẹun. Bàbá kan ṣì ń jiyàn lórí pẹ́nárítì tí Ikpeba tiwa gbá, tó ba òpó òkè, títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ohùn ṣe ìpele kan. Samuel Morse ló ni ìpele yìí, ọkùnrin Amẹ́ríkà tó fi àmì kúkúrú àti àmì gígùn ṣe álífábẹ́ẹ̀tì fún wáyà tẹlígíráàfù. SAM lọ báyìí: kúkúrú mẹ́ta, kúkúrú kan, gígùn kan, gígùn méjì. Ìgbà àkọ́kọ́, mo ń kan tábìlì, kò sì yé ẹnikẹ́ni, torí pé kíkàn kò lè gùn. Fèrè rẹfirí ni kí ẹ fọn. Ẹ fọn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ pín álífábẹ́ẹ̀tì náà fún wọn lórí bébà, kí ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ tú u gba máàkì mẹ́ta. Ẹni tó ń lu gángan nínú ẹbí wa ló sábà máa ń gbà á. Etí rẹ̀ ti mọ̀ pé ohùn ń sọ̀rọ̀.

Kí ẹ wá béèrè iṣẹ́ tí Morse ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ayàwòrán ni. Ní 1825, ó wà ní Washington níbi tó ti ń ya àwòrán ọ̀gágun kan, ìyàwó rẹ̀ kú ní New Haven. Lẹ́tà ló gbé ìròyìn náà wá, nígbà tó fi máa délé, wọ́n ti sin ín. Ọdún 19 lẹ́yìn náà, ní oṣù Karùn-ún 1844, òun ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti Washington sí Baltimore lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ tó mú nínú Númérì 23:23.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́ gan-an

Ẹni mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ kan tó: àgbà kan, ọmọdé kan, àárín méjì. Kí wọ́n máa kọ ìdáhùn sórí bébà, kì í ṣe kí wọ́n máa pariwo. Ogún ìṣẹ́jú àáyá, fóònù ni kí ó kà á. Ẹni tó ń béèrè kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń dájọ́. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ múra sílẹ̀ de àwọn alátakò

Bíbélì ni wọ́n ti ń bá mi jà jù, torí gbogbo ènìyàn rò pé àwọn mọ̀ ọ́n. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà mélòó ni Olúwa pe Sámúẹ́lì lóru ọjọ́ náà. Mẹ́ta, ni gbogbo wọn yóò kọ. Mẹ́rin ni. Ìgbà kẹta ni Élì mòye, ìgbà kẹrin ni ọmọ náà tó dáhùn pé ìránṣẹ́ rẹ ń gbọ́. Ẹ bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni Sámúẹ́lì ṣe nínú ìwé Sámúẹ́lì Kejì. Kò ṣe nǹkan kan, ó ti kú láti orí 25 ìwé Kìíní. Ẹ gbé Bíbélì sórí tábìlì, kí ẹ ti fi bébà há ojú ewé méjèèjì, kí ẹ tó la ẹnu.

Ilé wa ní Mùsùlùmí, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n jókòó bí àlejò sí ìpele yìí. Nínú Súrà kejì, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì bẹ wòlíì wọn pé kó yan ọba fún àwọn, ọba náà sì ni Tọ́lúùtù. Kùránì kò dárúkọ wòlíì yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onítumọ̀ sọ pé Sámúẹ́lì ni. Mo máa ń béèrè pé ọba wo ló yàn. Ẹni tó bá kọ Tọ́lúùtù àti ẹni tó bá kọ Sọ́ọ̀lù, máàkì kan náà ni wọ́n gbà.

Bí ẹgbẹ́ méjì bá wá bára dọ́gba nígbẹ̀yìn, ẹ fi iye béèrè, kí ẹni tó bá súnmọ́ ọn jù gbà á. Ìbéèrè tèmi ni pé: "Ọdún mélòó ló wà láàrin ìwé atúmọ̀ èdè Samuel Johnson ará London àti ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá Crowther?" Ẹ fi ẹ̀rọ ìṣírò yọ 1755 kúrò nínú 1843 kí ẹ tó dájọ́: 88 ni. Lọ́dún tó kọjá, tíṣà wa kọ 80, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ 90. Ọmọ náà ló gbé gààrì lọ. Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Johnson wo lo ní?"

Mo kàn ṣí ìwé, mo sì fi ọwọ́ tọ́ka sí "ará London" fún un. Ìnkì pupa ni mo fi kọ ọ́.